Ọwọ́ Tútù Nínú Ìkòkò Ìpara Ìyàwó

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìwé ìròyìn yìí, bí ọmọ ọwọ́ bá ń sùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín, ẹ rọra rẹ́rìn-ín o. Tèmi ṣẹ̀ṣẹ̀ sùn ni, mo sì fẹ́ jẹ́wọ́ kí ó tó jí.

Ohun tí mo ṣe kò dára. Mo ti tọrọ àforíjì lọ́wọ́ gbogbo ẹni tó yẹ, àfi ológbò nìkan. Òun ni mo ṣì ń bá yan odì.

Ìlú Mongo ni mo wà, ní ilẹ̀ Ṣáàdì, nínú agbo ilé àwọn ọkọ mi. Ìyá Nura ni wọ́n ń pè mí, nítorí ọmọbìnrin kan ṣoṣo tí mo bí. Ọkọ mi, Ṣerif, ń wa ọkọ̀ ẹrù. Bó bá ti gba ọ̀nà Abeṣe lọ báyìí, òṣùpá lè kú kó tún lé kí a tó fojú kàn án. Èmi àti ọmọ mi, ìyá ọkọ mi, àti Sadiye tó jẹ́ àbúrò ọkọ mi la jọ ń gbélé.

Lẹ́yìn tí mo bí Nura ni irun mi bẹ̀rẹ̀ sí í já.

Kì í ṣe jíjá kékeré. Mo jí láàárọ̀, irun wà lórí ìrọ̀rí. Mo ro ọkà, irun wà nínú ọkà. Nura na ọwọ́ sí mi, ó fà á, ó rẹ́rìn-ín bí ẹni tó rí nǹkan he, irun ìyá rẹ̀ kún ìkúùkù rẹ̀ fọ́fọ́.

Nígbà tí àwọn ará ilé ọkọ mi wá tọrọ mi, irun mi ni wọ́n kọ́kọ́ gbá mú. Wọn ò tiẹ̀ béèrè bóyá mo mọ ọbẹ̀ sè. Irun náà kọjá ìbàdí mi nígbà yẹn. Títí dòní, bí Ṣerif bá pè mí lórí fóònù, kì í béèrè èmi.

"Irun mi ńkọ́?" ni yóò wí.

"Ó wà dáadáa," ni mo máa ń dá a lóhùn, pẹ̀lú gèlè tí mo wé mọ́ orí gírígírí. "Ó ní kí n kí ọ."

Ojoojúmọ́ ni mò ń bi ara mi pé: Bí ọkọ mi bá dé, tó bá orí tó ń dán bí ìdí agbè ńkọ́?

Bẹ́ẹ̀ ìkòkò kan sì wà nínú ilé wa.

Ìyá Ṣerif, ìyá ọkọ mi, ló po ohun tó wà nínú rẹ̀ fún ìgbéyàwó Sadiye. Ó yan èso ṣébé tí àwọn obìnrin ilẹ̀ wa ń lò fún irun, ó gún un pọ̀ mọ́ kànáfùrù, ó kù ú títí ó fi kúnná bí àtíkè. Ó se ọ̀rá wàrà lórí iná títí omi inú rẹ̀ fi gbẹ tán pátápátá, ó fi òróró yànmọ̀tí sí i, ó wá po gbogbo rẹ̀ pọ̀. Ó kó o sínú ìkòkò dúdú, ó fi awọ ewúrẹ́ dé e, ó sì rì í dé ọrùn sínú iyanrìn tútù tó wà nídìí àmù, ní kọ̀rọ̀ yàrá rẹ̀ tí oòrùn kì í dé.

Òfin ìkòkò náà le ju òfin ìjọba lọ. Oòrùn kò gbọdọ̀ rí i. Omi kò gbọdọ̀ kàn án. Ṣíbí igi tó gbẹ nìkan ló gbọdọ̀ wọ inú rẹ̀.

"Ọwọ́ tútù kan ṣoṣo," ni Ìyá máa ń wí, "ó tó pa odindi ìkòkò."

Ìdí nìyí. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá máa di irun ìyàwó, àwọn obìnrin ilé ọkọ á wá jókòó, a ó ṣí ìkòkò lójú wọn, àgbà inú wọn á sì fi imú tọ́ ọ wò. Bó bá ń ta sánsán, ayọ̀ dé. Bó bá ń rùn, wọn á ní: ìyá tí kò lè tọ́jú ìpara, báwo ló ṣe tọ́jú ọmọ? Mo ti gbọ́ nípa ìyàwó kan tí àwọn àna rẹ̀ dìde lórí ẹní nítorí ìpara tó kan. Títí dòní ni wọ́n ń fi bú u.

Ẹ wá gbọ́ ibi tí ìwé kíkà kó mi sí.

Mo ń lọ sí kíláàsì àwọn àgbà ní ọ̀sán, Nura á wà lẹ́yìn mi. Lọ́jọ́ kan, olùkọ́ wa kó agolo àti ìgò lóríṣiríṣi wá. Ó ní, "Ẹ yí ìdí wọn sókè. Déètì wà níbẹ̀. Bí déètì bá ti kọjá, ẹ jù ú nù."

Mo délé, mo bẹ̀rẹ̀ sí í yí ìdí gbogbo nǹkan sókè. Agolo tòmátì. Oògùn ikọ́. Àtíkè ọmọ. Bí Basha, ológbò ilé wa, bá dúró jẹ́ẹ́ ni, ǹ bá yí ìdí tirẹ̀ náà wò.

Mo kan ìpara olóòórùn òdòdó tí Sadiye rà lọ́jà. Mo figbe ta.

"Sadiye! Èyí ti kú o!"

Ó sáré jáde, ọṣẹ wà lójú rẹ̀. "Yéè! Ta ló kú?"

"Ìpara rẹ! Láti èṣí ló ti kú! Òkú lo ń fi pa orí!"

Ìyá rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. "Ọ̀jọ̀gbọ́n ilé mi," ni ó wí. "A rán an lọ kọ́ ìwé, ó di dókítà ìgò."

Orí mi wú. Mo wá jókòó ronú bí ọ̀jọ̀gbọ́n tí wọ́n pè mí. Ohun tó ní déètì ló ń bàjẹ́. Ìkòkò Ìyá kò ní déètì. Nítorí náà, kò lè bàjẹ́ láéláé.

Ẹ má tíì rẹ́rìn-ín. Ó jọ ọgbọ́n lójú mi nígbà yẹn.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, Ìyá àti Sadiye lọ sọ́jà. Mo ń wẹ Nura. Bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ báyìí, ìdì irun kan já bọ́ sínú omi ìwẹ̀. Nura mú un, ó fẹ́ jẹ ẹ́. Mo gbà á lẹ́nu rẹ̀, mo bú sẹ́kún.

Mo gbé ọmọ pọ̀n. Ẹsẹ̀ mi kàn ń lọ ni, ẹ gbà mí gbọ́, n kò rán an níṣẹ́. Nígbà tí mo máa lajú, mo ti wà nídìí àmù.

Mo tú okùn. Mo ká awọ. Ha! Òórùn náà dì mọ́ mi lọ́rùn bí ọmọ ìyá mi tó ti ìrìn àjò dé.

"Díẹ̀ báyìí," ni mo wí fún Nura. "Ìdìpọ̀ irun kan péré. Ta ni yóò mọ̀?"

Nura ní, "Gù."

Mo kà á sí ìyọ̀ǹda. Mo ki ìka bọ inú ìkòkò, bẹ́ẹ̀ omi ìwẹ̀ ọmọ ṣì ń kán lọ́wọ́ mi.

Lọ́jọ́ kejì mo tún lọ. Ẹ̀yin náà ẹ mọ bí olè ṣe máa ń ṣe: ìgbà àkọ́kọ́ ni ẹ̀rù, lẹ́yìn ìyẹn ó di iṣẹ́. Bí ọwọ́ mi bá ti kúrò nínú ìfọṣọ tàbí ìfọwo, ìdí àmù ló kàn. Mo ń pa ìpara, mo ń wojú mi nínú omi, mo ń rẹ́rìn-ín kẹ́ẹ́kẹ́ẹ́ bí ọmọdébìnrin tó ń lọ sí òde.

Lọ́jọ́ kan mo gbé ìkòkò náà wá sẹ́nu ọ̀nà kí n lè ríran. Nura figbe ta, mo sáré lọ fún un lọ́mú, oorun gbé àwa méjèèjì lọ. Ìgbà tí mo jí, oòrùn ti jókòó sínú ìkòkò bí àlejò tó dé sí ilé àna. Gbogbo ìpara ti yọ́ ṣàn. Mo sáré gbé e padà sínú iyanrìn.

Ìgbà yẹn ni mo tó ṣàkíyèsí pé ó ti fà sílẹ̀ gan-an.

Kí ni mo ṣe? Mo ra ọ̀rá wàrà lọ́wọ́ ìyá oníwàrà tó ń kiri, tútù, àṣẹ̀ṣẹ̀pò, tó funfun báláú. N kò sè é. Ta ló ráyè? Mo rò ó mọ́ ti inú ìkòkò, ó kún padà. Mo tún fi ìka tẹ́ ojú rẹ̀ kó lè jọ̀lọ̀. Mo yin ara mi.

Ẹni àkọ́kọ́ tó fura ni Basha.

Ológbò yìí kò fẹ́ràn mi rí. Lójijì, ó di ẹ̀ṣọ́ mi. Bí mo bá jókòó, á jókòó. Bí mo bá lọ sí ilé ìtọ̀, á dúró dè mí lẹ́nu ọ̀nà. Ó tẹ̀ lé mi dé kíláàsì, ó fò sórí tábìlì, ó bẹ̀rẹ̀ sí í lá mi lórí níwájú olùkọ́. Gbogbo kíláàsì hó yèè.

"Basha ti fẹ́ ọ níyàwó," ni Sadiye wí nígbà tó gbọ́. "Jẹ́ kí n pe ẹ̀gbọ́n mi, kí n sọ fún un pé ó ti ní orogún ọkùnrin."

Ìyá kò rẹ́rìn-ín. Imú rẹ̀ ń ṣiṣẹ́. "Kí ló ń rùn bí wàrà tó kan nínú ilé yìí?"

Ẹnu mi yára ju làákàyè mi lọ. "Nura ni, Ìyá. Ó ń pọ wàrà."

"Lọ wẹ̀ ẹ́."

Mo wẹ̀ ẹ́. Ìyá tún gbóòórùn. "Ìyá Nura, tún ọmọ yìí wẹ̀." Mo tún un wẹ̀. Ọmọ ọlọ́mọ, mo wẹ̀ ẹ́ títí ó fi ń wò mí bí ẹlẹ́rìí tó ń dúró de ọjọ́ ìdájọ́.

Ọjọ́ irun pé. Láti òwúrọ̀ ni Ìyá ti ń kọrin. Ó ti tẹ́ ẹní tuntun sí àgbàlá, ó ti fín tùràrí, ó ti gbé omi ìṣápá tó pupa rẹ́súrẹ́sú sínú ọpọ́n. Mo yọ́ wọ yàrá rẹ̀ láti fojú kan ìkòkò náà ṣáájú àwọn àlejò.

Mo ká awọ.

Ìkòkò náà ti hu irùngbọ̀n. Irùngbọ̀n funfun, ó rọ̀ múlọ́múlọ́, ó ní àwọ̀ ewé díẹ̀ létí. Mo dúró, mo lanu sílẹ̀. Tèmi tí mò ń pa ìpara sí kò hù. Inú ìkòkò ni irun lọ hù sí!

Mo ha irùngbọ̀n náà kúrò. Mo da lọ́fínńdà lé e lórí. Ó wá ń rùn bí òkú ẹran tó ń lọ sí ìgbéyàwó. Mo ní n ó lọ jẹ́wọ́ fún Ìyá. Mo dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, mo kúnlẹ̀.

"Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, mo ní ọ̀rọ̀ kan..."

Ó fà mí dìde, ó fọwọ́ kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi. "Kì í ṣe òní, ọmọ mi. Òní ayọ̀ ni."

Igbe ayọ̀ sọ ní ẹnu ọ̀nà. Àwọn àna ti dé.

Haje Darasalamu tó ti re Mẹ́kà ló ṣáájú wọn, ẹ̀gbọ́n bàbá ọkọ ìyàwó, obìnrin fìrìgbọ̀n kan tí imú rẹ̀ wọlé kí òun fúnra rẹ̀ tó wọlé. Ó jókòó, ó mu omi ìṣápá, ó mu tíì, ó fi gbogbo èèyàn ṣe yẹ̀yẹ́.

"Ìyá Ṣerif, ibo lọmọ wa wà? Ṣé ó ní irun, tàbí ẹ fẹ́ tà wá ní ẹyin?"

"Ẹ wò ó fúnra yín, Haje," ni Ìyá wí, ó ń yan. Ó tú irun Sadiye sílẹ̀. Àwọn obìnrin hó. Ìyá gbé ìkòkò jáde, ó gbé e kalẹ̀ bí ẹni gbé adé.

Haje Darasalamu ká awọ. Ó tẹ imú sí i.

Ó sín. Ó tún sín. Ó gbójú sókè, omi dà lójú rẹ̀.

"Ìyá Ṣerif," ni ó wí jẹ́jẹ́, "ta ni ẹ sin síbí?"

Ìyá gba ìkòkò, òun náà gbóòórùn rẹ̀. Ó gbé e kalẹ̀, ó sorí kọ́. Obìnrin yìí kò tíì sorí kọ́ níwájú ẹnikẹ́ni rí.

"Èmi ni mo sè é," ni ó wí. "Ọwọ́ mi ni mo fi sè é. N kò mọ... n kò mọ ohun tó ṣẹlẹ̀."

Obìnrin kan wí lábẹ́ ẹ̀mí pé, "Ìyá tí kò lè tọ́jú ìpara." Sadiye fi ìborùn bojú, èjìká rẹ̀ ń mì. Haje bẹ̀rẹ̀ sí í tún aṣọ ara rẹ̀ ṣe, bí ẹni tó fẹ́ dìde.

Ẹ dá mi lẹ́jọ́ bó ṣe wù yín: n kò lè sọ̀rọ̀.

Basha ló sọ ọ́.

Ó wọlé láti orí ògiri. Ó kọjá lára ẹran tí a sè fún àwọn àlejò, kò wò ó. Ó kọjá lára ìkòkò, ó fìmú tọ́ ọ, ó kọjá. Ó gba àárín àwọn àna lọ tààrà, ó gun orí itan mi, ó tẹ Nura mọ́lẹ̀, ó gun èjìká mi, ó sì fi eyín fa gèlè mi tú. Lẹ́yìn náà ó bẹ̀rẹ̀ sí í lá orí mi, ó ń ké rírùrírù bí ẹ̀rọ ìlọta.

Haje Darasalamu wò mí. Ó rákò wá. Ó gbóòórùn orí mi. Ó padà lọ gbóòórùn ìkòkò. Ó tún padà wá sórí mi.

"Ẹ̀yin èèyàn mi," ni ó wí, "ìkòkò yìí àti orí yìí, ìyá kan náà ló bí wọn."

Mo dojúbolẹ̀. Ohun gbogbo tú jáde lẹ́nu mi: irun mi tí ọkọ mi ń béèrè, omi ìwẹ̀, oòrùn, ọ̀rá wàrà, irùngbọ̀n. "Ìyá Ṣerif kò jẹ̀bi! Ìpara wọn dára! Èmi ni! Mo rò pé kò lè bàjẹ́ ni, Ìyá! Kò ní déètì nídìí!"

Haje na etí sí mi.

"Kò ní kí ni?" ni Haje béèrè.

"Déètì," ni mo wí, mo ń sunkún.

Ẹ̀rín tó bú jáde lẹ́nu obìnrin náà, adìẹ tú ká. Ó ṣubú lé èjìká ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. "Ẹ yí mi! Ẹ yí ìdí mi sókè, ẹ wò ó bóyá èmi náà ti kú!" Gbogbo àgbàlá dàrú. Sadiye pàápàá ń rẹ́rìn-ín nínú ẹkún.

Ìyá nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó dìde, ó wọ yàrá lọ. Mo ní ó ti tán. Mo rò pé pàṣán ló lọ mú.

Igbá kékeré kan ló gbé jáde, èyí tí aṣọ dúdú wé mọ́, tí eruku àjà ṣì wà lára rẹ̀. Ó gbé e lé mi lọ́wọ́.

"Tìrẹ nìyí," ni ó wí. "Ọjọ́ tí mo po ti Sadiye ni mo pò ó. Mo fi í kọ́ sókè àjà níbi tó ṣókùnkùn, tó gbẹ."

"Tèmi, Ìyá?"

"Mo rí irun rẹ tó ń já. Ṣé ojú mi fọ́ ni? Irun abiyamọ máa ń já, tèmi náà já nígbà tí mo bí Ṣerif. A kì í fi ìpara dá ohun tó fẹ́ lọ dúró. Mo ń dúró kó já tán, kí tuntun máa bọ̀, kí n wá gbé e fún ọ." Ó tẹjú mọ́ mi. "Kí ló dé tí o kò béèrè, Ìyá Nura?"

Mo di igbá náà mú mọ́ àyà.

"Ó ti di tìrẹ," ni ó wí. "Ohun tó bá wù ọ́ ni kí o fi ṣe."

Mo gbé Nura fún un. Mo nu ọwọ́ mi sára aṣọ mi. Mo tún un nù. Mo tún un nù, títí Haje fi ní, "Ṣé o fẹ́ bó awọ ni?" Mo bẹ̀bẹ̀ fún ṣíbí igi. Mo tú aṣọ dúdú, mo fi orúnkún rìn dé ọ̀dọ̀ Sadiye, mo sì gbé igbá náà síwájú rẹ̀.

Haje Darasalamu na imú rẹ̀, ó ṣọ́ra bí ẹni tí ejò ti bù jẹ rí. Lẹ́yìn náà ó di ojú. Ó fa èémí gígùn. Kò fẹ́ tú u sílẹ̀.

"Kànáfùrù," ni ó wí. "Yànmọ̀tí. Ìyá Ṣerif, ẹ foríjì mí. Ọwọ́ yín dára."

Igbe ayọ̀ bú jáde, ahọ́n ń jó lẹ́nu àwọn obìnrin, Basha sá gun ògiri. Wọ́n di irun Sadiye lọ́jọ́ náà, ó dán bí omi ojú àmù. Igbá náà sì tán pátápátá, kò ṣẹ́ ku fún mi.

Sadiye dárí jì mí. Ìtanràn tó bù fún mi ni pé kí n máa sọ ìtàn náà fún gbogbo àlejò tó bá wá sí ilé ọkọ rẹ̀. Nígbà tí Ṣerif dé, tó ní, "Irun mi ńkọ́?" mo ṣí gèlè, mo sì sọ òótọ́. Ó wo orí mi títí. Ó ní, "Ó jọ ti Nura." Ó wá rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

Ẹ̀yin ìyá ọlọ́mọ ẹgbẹ́ mi, ẹ gbọ́ tèmi. Ìpara tí kò ní déètì ló ń fẹ́ ìtọ́jú jù. Ẹ jẹ́ kí ó wà níbi tó tutù tàbí tó gbẹ, kí ojú oòrùn má kàn án, kí ọwọ́ yín gbẹ kí ẹ tó bù ú. Bí ohun kan bá sì ń bà yín lẹ́rù, ẹ béèrè lọ́wọ́ àgbà ilé. Ó ṣeé ṣe kí tiyín ti wà lókè àjà.

Èso ṣébé tuntun ti wọlé. Èmi àti Ìyá la jọ gún un. Ó ní kí ọ̀jọ̀gbọ́n òun mú èédú, kó kọ nǹkan sára ìkòkò. Mo kọ oṣù tí a pò ó. Lábẹ́ rẹ̀ mo tún kọ: ỌWỌ́ GBÍGBẸ NÌKAN. Basha kò mọ̀wé, ìdí ìkòkò náà ló ń sùn sí.

Nura ti jí o. Ó ti gun ẹsẹ̀ mi, ó ti na ọwọ́ sí irun kúkúrú tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń hù níwájú orí mi. Ó ti gbá a mú. Ó fà á.

Kò já.